"O" àti "Ẹ" Nílé Ìtẹ̀wé Wa

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìkówèésí,
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹsàn-án.

Ìyá Ìṣirò, ọ̀rẹ́ mi tó ti di ọmọ ìyá,

Orúnkún ńkọ́? Orúnkún ni mo kọ́kọ́ béèrè, torí mo mọ̀ pé bí mo bá béèrè àlàáfíà rẹ lápapọ̀, "a dúpẹ́" lo máa kọ ránṣẹ́, orúnkún á sì wà níbẹ̀ tí yóò máa ké bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi òróró sí. Bàbá ilé ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn láràárọ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́? Èyí tó ń hu eyín nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn, ṣé eyín ti pé lẹ́nu ẹ̀, àbí ìwọ àti bàbá rẹ̀ àgbà lẹ kù tí ẹ ń ka tiyín? Èmi náà wà. Ara ń ṣe bí ara ẹni tó fi ọdún márùndínlógójì dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé: ojú ọ̀tún ń ríran, ti òsì ń bá a kẹ́gbẹ́.

Má bínú pé ó pẹ́ kí n tó fèsì. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Ọmọ àbúrò mi ló gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lọ́wọ́ mi. Èyí tí o kọ́ ní kíláàsì kẹrin yẹn náà ni, tó jẹ́ olórí kíláàsì, tó máa ń kọ orúkọ àwọn aláriwo sílẹ̀, tó wá kọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ kan nítorí pé òun náà pariwo nígbà tó ń ní kí wọ́n dákẹ́. O rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí o fi wá ibi jókòó. Ó ti di ọ̀gá báyìí o.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ yẹ ìwé wò nílé ìtẹ̀wé tó wà ládùúgbò wa. Iṣẹ́ mi kò ju pé kí n jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú bírò pupa, kí n máa wá àmì ohùn tó sọnù kiri. Nígbà tí alábòójútó àtijọ́ kó ẹrù rẹ̀, èmi ni mo lọ bá Màmá Alága, opó tó ni ilé ìtẹ̀wé náà. Mo ní ọmọ kan wà lọ́dọ̀ mi, ó kàwé, kì í mutí, kì í purọ́. Màmá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Tíṣà, mo ti gbọ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fún un. Ìwé kíkà àwọn ọmọ ilé-ìwé gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n tó wọlé. Bó bá jáde, ọmọ yín dúró. Bí kò bá jáde, ẹ má wá sunkún sí mi lọ́rùn o." Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá yìí ni gbèdéke. Tọ́jú ọjọ́ náà sọ́kàn bí mo ṣe ń bá ìtàn lọ, torí èmi ò lè gbé e kúrò ní tèmi.

Oṣù méjì àkọ́kọ́ lọ wẹ́rẹ́. Ohun tó da nǹkan rú ni pé wọ́n rán an lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún kan lórí bí a ti ń ṣe olórí. Nígbà tó ń lọ, ó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Ó dé, ó ń sọ̀rọ̀ bí àkọlé ìwé. Ó gbé sátífíkéètì wá nínú férémù, ó gbé ìwé ńlá kan wá, ó sì gbé ojú kan wá tí mi ò rí lójú ẹ̀ rí, ojú ẹni tó ti rí ẹ̀yìn àwọn èèyàn láti iwájú.

Mi ò ní purọ́ mọ́ àwọn olùkọ́ ibẹ̀ o, ohun tí wọ́n kọ́ ọmọ wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Wọ́n ní olórí kì í fi ọwọ́ kan ṣoṣo darí gbogbo èèyàn. Ẹni tí kò tíì mọṣẹ́, sọ ohun tó máa ṣe fún un. Ẹni tó ń bẹ̀rù, rọ̀ ọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n àmọ́ tó ń ṣiyèméjì, bi í léèrè. Ẹni tó ti di ògbólógbòó, kúrò lọ́nà fún un. Ọ̀nà kan ò sáà wọjà. Ìyá mi mọ èyí láìlọ síbì kankan. Bó ṣe ń bá mi wí kọ́ ló ṣe ń bá àbúrò mi wí. Àmọ́ ọgbọ́n yẹn bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn rúlà. Ó ya àpótí mẹ́rin sórí bébà ńlá, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi iṣẹ́. Mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí náà kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀: PA ASE FUN WON. RO WON. BI WON. FI WON SILE.

Obìnrin tó ń rán ìwé, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, ló kọ́kọ́ kà á sókè.

"Bí wọn! Ẹ gbà mí o! Ta ló fẹ́ bí wa lẹ́ẹ̀kejì? Ìyá mi ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó ti tó òun."

Mo mú bírò mi, mo fi àmì sí i. Ọ̀gá wò mí bí ẹni pé mo fọ́ sátífíkéètì rẹ̀.

Ó wá pín fọ́ọ̀mù kiri, pé kí kálukú kọ bó ṣe mọṣẹ́ tó, kí òun lè mọ àpótí tí òun máa fi í sí. Nídìí ẹ̀rọ ìgéwèé, obìnrin kan wà, ìyá ọlọ́mọ méjì, tí a ń pè ní Ìyàwó nítorí pé òun la gbà kẹ́yìn. Kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ẹ̀rù ń bà á kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá kọ "mo mọ̀ ọ́n gan-an" síwájú gbogbo ìbéèrè, tó fi mọ́ ibi tí wọ́n ti béèrè orúkọ rẹ̀. Bàbá Ẹ̀rọ ní tirẹ̀, ẹni tó ti ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, dá fọ́ọ̀mù padà láìkọ nǹkan kan. Ó ní kí òun máa kọ ọ́ sínú ìwé pé òun mọ iṣẹ́ yìí, ṣe ló máa dà bí ẹni tó ń sọ orúkọ ara rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀.

Ìyá Ìṣirò, ìwọ lo kọ́ ọmọ yìí pé ibi tí nǹkan kan kò bá sí, òdo là ń kọ síbẹ̀. Ó kọ òdo fún Bàbá Ẹ̀rọ. Ẹ̀bi tìrẹ ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí, màá sì rán ẹ létí nígbà tó bá yá. Báyìí ni Bàbá Ẹ̀rọ ṣe bọ́ sí àpótí kìíní, níbi tí wọ́n ti ń pàṣẹ, tí Ìyàwó sì bọ́ sí àpótí kẹrin, níbi tí wọn kì í ti í yọ èèyàn lẹ́nu.

Ìbá tún mọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ wa rò ó, ó ní àwọn tó kọ ìwé òun kò gbọ́ èdè wa, nítorí náà wọn ò mọ̀ pé a ní "o", a sì ní "ẹ". Ó ní àwọn ará àpótí kìíní yóò máa gba "o", àwọn yòókù yóò máa gba "ẹ". Mo ní, "Ọmọ mi, Bàbá Ẹ̀rọ ju bàbá rẹ lọ." Ó ní, "Ìyá mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Àṣẹ tí a bá fi 'ẹ' sí, ẹ̀bẹ̀ ni."

Bó ṣe di ọjọ́ Ajé nìyẹn, tó dúró láàárín ibi iṣẹ́, tó na ìka sí ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, tó ní, "Ìwọ, fi íńkì sí ẹ̀rọ yẹn. Kí o tẹ̀ ẹ́."

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́rìn-ín, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Bàbá Ẹ̀rọ yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà.

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀rọ wo, sà? Ọwọ́ wo ni kí n fi tẹ̀ ẹ́, sà?"

Láti ọjọ́ náà, kò ṣe ohunkóhun tí wọn kò bá pàṣẹ rẹ̀, kò sì dẹ́kun ohunkóhun tí wọn kò bá ní kó dẹ́kun. Wọ́n ní kó fi íńkì sí i. Ó ń fi íńkì sí i títí ẹgbẹ̀rin bébà fi jáde dúdú bí ìkòkò. Ọ̀gá sáré dé, ó ní kí ló dé. Bàbá ní, "Ẹ ò ní kí n dúró, sà." Èmi rí ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni: "Ó ti ń gbọ́ràn. Ọ̀nà náà ń ṣiṣẹ́."

Ní òdìkejì, Ìyàwó wá bá a, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n gé e dé?" Ó rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni fẹ́ ya fọ́tò. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, mà. Mo ti fi sílẹ̀ fún yín." Ìyàwó bá bọ́ sẹ́yìn ilé, ó ń sunkún. Láti kékeré rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá jù ú lọ tó bá ti sọ fún un pé "ẹ̀yin lẹ mọ̀", ó ti mọ̀ pé òun ti ṣẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ó nu ojú tán, ó padà wọlé, ó gé nọ́ńbà ojú ìwé kúrò lára odidi ìdì méjì.

Ìgbà yẹn ni wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ojú-Ọjọ́. Bí mo bá wọlé láàárọ̀, Ẹlẹ́rìn-ín á ti rọ̀ mọ́ fèrèsé.

"Tíṣà, ẹ káàárọ̀ o. Ó ṣú dùdù sórí Bàbá Ẹ̀rọ. Oòrùn ń ràn sí Ìyàwó lára. Tèmi kò tíì yé mi, àfi kí n mú agbòjò dání."

Ọjọ́ Ajé tó kọjá yìí, òjò tòótọ́ dé. Òrùlé jò, ibi tó sì yàn láti jò sí ni orí bébà tí a fẹ́ fi tẹ ìwé àwọn ọmọ. Ìyá Ìṣirò, ìwọ tí o kò rìn dáadáa, ìwọ náà ìbá ti fò dìde. Ọmọ wa wo òkè, ó wo ògiri, ó wo àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní ohun tó bá kan gbogbo èèyàn, gbogbo èèyàn la gbọ́dọ̀ bi. Ó ní kí a fa àga wá. Ó ní kí a sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tó dé kẹ́yìn, kí ojú má baà tì í.

Ìyàwó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé bébà kúrò níbẹ̀, sà."

"Èrò tó dára ni. Ẹ ṣeun, mà. Ẹlòmíràn?" Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. To, to, to, lomi ń kán.

Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Èrò tèmi ni pé òùngbẹ ti kúrò lọ́fun bébà, ọ̀gá. Ó ti mu yó."

Ó kan Bàbá Ẹ̀rọ. Bàbá ká ọwọ́ sáyà. "Èmi ò lérò o, sà. Àpótí kìíní lẹ fi mí sí. Wọn kì í bi àwọn ará ibẹ̀."

Mi ò lè fara dà á mọ́. Mo dìde, mo lo ohùn tí mo fi ń kó ọgọ́rin ọmọ wọ kíláàsì nígbà tí agogo bá lù: "Ẹ gbé bébà yẹn!" Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀gá náà wà lára wọn, ó gbé bébà mọ́ra bí ọmọ ọwọ́. Ìdì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ti bàjẹ́ kí a tó débẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó wá jókòó ti tábìlì mi, omi ṣì ń ro lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo sọ fún un pé ohun tí èèyàn kọ nípa ara rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù kọ́ ni ẹni náà, pé ìgbà tí òrùlé bá ń jò kì í ṣe ìgbà ìpàdé, pé kó lọ fi "ẹ" bá Bàbá Ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, kó sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́. Ibi tí èmi ti ṣe àṣìṣe tèmi nìyẹn o, torí ó yẹ kí n ti mọ irú ọmọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo ayé ló ń gba "ẹ". Ìyàwó ń gba "ẹ". Ẹni tó wá gbá ilẹ̀ ń gba "ẹ". Ológbò tó ń bá wa ṣọ́ eku sùn sórí àga rẹ̀, mo fi etí ara mi gbọ́ ọ: "Ẹ dìde níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́." Kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni mọ́, àfi "bó bá rọ̀ yín lọ́rùn", "bí ẹ bá rí i pé ó bójú mu". Iṣẹ́ ń lọ bí ìgbín. Ìwé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà la fẹ́ tẹ̀. A kò tíì tẹ ìdajì.

Ọjọ́rú dé. Ó ku ọjọ́ méjì. Bàbá Ẹ̀rọ ti ń wúkọ́ láti àárọ̀, ọmọ wa sì rí i. Kí n má bà á jẹ́ jù, ọmọ tó láàánú ni. Ó rò pé bí Bàbá bá sinmi díẹ̀, ara rẹ̀ á le fún iṣẹ́ ọjọ́ kejì. Ó bọ́ sí àárín ibi iṣẹ́. Ẹ̀rọ ń pariwo, ó sì ní láti gbé ohùn rẹ̀ sókè.

"Ẹ máa lọ sílé! Ẹ lọ sinmi! Ẹ ti ṣe tó!"

O gbọ́ èdè wa. "Ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan náà la fi ń pe ogunlọ́gọ̀. Ojú rẹ̀ wà lára Bàbá, àmọ́ etí gbogbo ilé ló wà lára ohùn rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí ó tó sọ gbólóhùn kẹta tán. "Ọlọ́run á ṣe é fún yín o, ọ̀gá! Ẹ ò ní ṣàárẹ̀ láyé yín!" Ìyàwó pa ẹ̀rọ ìgéwèé. Ẹni tó ń gbálẹ̀ fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. Ọ̀gá ti padà sínú ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ṣe oore. Kí n tó wá gíláàsì mi rí lórí tábìlì, ibi iṣẹ́ ti dá wáí.

Bàbá Ẹ̀rọ nìkan ló gbọ́ nǹkan mìíràn. Ẹni tó ti wà nídìí iṣẹ́ kan fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, bí ọ̀gá bá sọ fún un níwájú gbogbo èèyàn pé kó máa lọ sílé, pé ó ti ṣe tó, kí ni ìwọ náà máa gbọ́? Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ fínnífínní, títí dé abẹ́ èékánná. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ wá sórí tábìlì mi.

"Tíṣà, ẹ bá mi fún wọn. Wọ́n ní mo ti ṣe tó."

Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́."

Ó ní, "Mo gbọ́ Yorùbá, Tíṣà." Ó sì jáde.

Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọmọ wa tó gbọ́ bí ilé ṣe dákẹ́ tó. Ó yọjú.

"Ìyá mi, àwọn èèyàn dà?"

"O ní kí wọ́n máa lọ sílé."

"Bàbá nìkan ni mo bá sọ̀rọ̀!"

"Bàbá nìkan ni kò mọ̀ pé ìsinmi lo ní kó lọ ṣe." Mo na kọ́kọ́rọ́ Bàbá sí i.

Ó jókòó sórí ìdì bébà. Kò sí ẹlòmíràn tó lè darí ẹ̀rọ ńlá yẹn, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wo ògiri pẹ́. Nígbà tó yá, ó bi mí ní ohùn kékeré pé àpótí wo ni eléyìí wà. Mo ní dìde, kí a lọ.

Ilé Bàbá Ẹ̀rọ kò jìnnà, yàrá méjì tó mọ́ tónítóní lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Oòrùn ọ̀sán ṣì wà lójú fèrèsé. Bàbá ti tú aago ògiri palẹ̀ sórí tábìlì, ó ń tò ó padà. Ọwọ́ yẹn kò mọ ìsinmi. Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ. Ọmọ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó da ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bolẹ̀: "Bàbá, mo fẹ́ kí a jọ ṣàgbéyẹ̀wò ìbáṣepọ̀ ẹnu iṣẹ́ wa..."

Ìyàwó Bàbá yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Kí ló ń sọ?"

"Kò tíì sọ ọ́," ni Bàbá wí.

Ọmọ náà fi ìyẹn sílẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀bẹ̀. Ó ní òun kò lé wọn, ìsinmi lòun ní lọ́kàn, kí wọ́n foríjì òun. Ó ní bó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, bí ara bá gbà wọ́n láyè, bí wọ́n bá rí i pé ó ṣeé ṣe, bóyá wọ́n lè rò ó wò... Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

"Ó tó. Mo ti gbọ́ ti ìsinmi yẹn, ó ti tán nínú mi. Ọ̀gá, ṣé ìwé àwọn ọmọ máa jáde lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Ta ló wá yẹ kó mọ̀?"

Bàbá gbé èròjà aago kan sílẹ̀.

"Ẹ gbọ́. Mo ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n á máa pè ní 'ìwọ' níwájú àwọn tó kọ́ níṣẹ́. Mo sì ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n á máa rọ̀ wá síbi iṣẹ́ bí ọmọ tí kò fẹ́ jẹun. Kò sí ohun mìíràn. Ẹ̀yin lọ̀gá. Kí lẹ fẹ́?"

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti rí ọmọ púpọ̀ tó dúró níwájú pátákó tí ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ wọn, tí mo mọ̀ pé wọ́n mọ ìdáhùn, tí mo sì gbọ́dọ̀ pa ẹnu mọ́. Mo pa á mọ́. Ọmọ wa na ẹ̀yìn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wá sẹ́nu iṣẹ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la. Ẹ tan ẹ̀rọ. Ẹ má jẹ́ kó dúró títí ìwé á fi pé. Bébà tí ẹ bá nílò, èmi fúnra mi ni màá máa gbé e wá."

Kò sí "ẹ jọ̀ọ́" kankan nínú rẹ̀. Ó pàṣẹ, ó sì bọ̀wọ̀, lẹ́nu kan náà. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní gírámà, n kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré yẹn lè gbé ẹrù méjèèjì láìdojú dé.

Bàbá ní, "Ó dáa, sà." Mo ti ń gbọ́ "sà" rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo mọ èyí tó ní ata nínú. Eléyìí kò ní.

"Kí ló wá sọ?" ni ìyàwó rẹ̀ tún béèrè.

"Ó ní kí n wá síṣẹ́."

"Ó kúkú pẹ́ kó tó sọ ọ́."

Ọjọ́bọ̀, ọmọ wa kò wo ògiri. Ó dúró ti Ìyàwó nídìí ẹ̀rọ ìgéwèé, ó ní, "Wò ó, ibí ni kí o gé e dé. Gé ọ̀kan kí n rí i." Inú Ìyàwó dùn débi pé ó ń kọrin, ẹnì kan ti bá a wí, a jẹ́ pé kò sí wàhálà. Ọ̀gá bi Ẹlẹ́rìn-ín bí a ṣe lè rí ìwé rán tán lọ́jọ́ kan àbọ̀. Ẹlẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò ṣẹ̀fẹ̀: ó ní kí a fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ dípò òwú. Ọ̀gá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá Ẹ̀rọ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀, àfi ohùn bàtà rẹ̀ bó ṣe ń gbé bébà lọ, tó ń gbé bébà bọ̀.

Aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ìdì tó kẹ́yìn wọ ọkọ̀. Màmá Alága ti dé láti aago méjì, wọ́n jókòó. Wọ́n ṣí ìwé kan, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n tọ́ka sí etí rẹ̀ tí kò gún dáadáa. "Ta ló gé èyí?" Ìyàwó wo ilẹ̀. Ọmọ wa ní, "Èmi ni mo wà nídìí ẹ̀, mà," kì í sì í ṣe irọ́, torí ó dúró tì í. Màmá wò ó, wọ́n kọjú sí Bàbá Ẹ̀rọ.

"Ẹ̀yin lẹ pẹ́ jù níbí. Kí lẹ rí sí ọ̀gá yín yìí? Kó dúró ni, àbí kó máa lọ?"

Bàbá ń nu íńkì ọwọ́ rẹ̀, kò kánjú.

"Ó mọ ohun tó ń wá, mà. Kò tíì mọ ibi tó wà ni. Ẹ jẹ́ kó dúró, àmọ́ ẹ fún mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé kó tó máa darí àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́."

Màmá ní ó dúró.

Ọ̀la ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Bàbá ti là á yé e: nídìí ẹ̀rọ, òun ni ọ̀gá, "ìwọ" sì lòun máa pè é, bó bá ti kọjá sínú ọ́fíìsì, ó padà di "ẹ̀yin", àṣẹ sì padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ wa wá sílé mi lánàá, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ dání, ó ní òye rẹ̀ yé òun, àmọ́ ìṣòro kan wà: bí Bàbá bá pe òun nígbà tí ẹsẹ̀ òun kan wà nínú ọ́fíìsì, tí ìkejì wà níta, èwo ló yẹ kó pe òun? Mo ní kó kọ́kọ́ pinnu ibi tó máa dúró sí.

Bá mi kí bàbá ilé, sọ fún wọn pé rédíò kò gbọ́ wọn. Bá mi gbá àwọn ọmọ-ọmọ mọ́ra. Tètè kọ̀wé, kí o sì fi àmì ohùn sí i lọ́tẹ̀ yìí. Èyí tí o kọ kẹ́yìn, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mọ̀ pé ọkọ̀ lo rà, kì í ṣe ọkọ́.

Tìrẹ ni mí, lójú ọ̀nà tàbí nínú ilé,

Ìyá Gírámà.